Bọ̀dá Mi àti Físà Bràsíl

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n wá ṣàlàyé ara mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọ̀rọ̀ ti bà jẹ́. Ní tọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, ní ìparí ọdún 2024, mo dúró níwájú kíláàsì lọ́jọ́ tí tíṣà Math ò wá, mo ní bọ̀dá mi máa jápa ní January. Kò lọ ní January. Kò lọ ní February. Nígbà tó fi máa di March, "January" ti di orúkọ tí ẹ ń pè mí. Mi ò bínú mọ́. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa láàárín ìgbà yẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe, torí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ilé iṣẹ́ kan ní Vancouver, ní Kánádà, ló gbà á. Oníbàárà wọn tó bá ní ìṣòro á kọ̀wé sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bọ̀dá mi á sì dá a lóhùn láti inú yàrá wa ní Muṣin. Kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kánádà rí. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ò tíì bọ ara wọn lọ́wọ́ rí. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù lọ́dọ̀ wọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa, tàbí mẹ́fà, torí wọ́n máa ń yí aago wọn padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nígbà yẹn. Ìyẹn ni pé ìgbà tí gbogbo àdúgbò bá ń múra àtisùn ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń gbóná. Aago kan òru, aago méjì òru, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń tẹ láptọ́ọ̀pù.

Ẹ wá rò ó wò. NEPA (a ṣì ń pè é ní NEPA nílé wa, ohun yòówù kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí) kì í sábà fún wa níná lóru. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo yín mọ̀, I-better-pass-my-neighbour, ló ń gbé iṣẹ́ Kánádà yẹn ró. Èmi ni mo ń lọ ra epo sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé láti ilé ìwé. Lándílọ́ọ̀dù wa ti kìlọ̀ fún Mọ́mì lẹ́ẹ̀mẹta pé èéfín rẹ̀ máa pa òun. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ mi lára débi pé ìgbà tó bá dákẹ́ ni mo máa ń jí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ físà ti wọlé nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan bọ̀dá mi pè mí, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó ń fún irú àwa yìí ní físà?" Irú àwa yìí, ìyẹn ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù, tí ọ̀gá rẹ̀ sì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Kì í ṣe físà ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń wòran o. Ó lè tó ọdún kan, o ò sì ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kó o gbé owó ìta wá ná nílùú wọn.

Ẹ̀yìn ìwé Math mi ló kọ gbogbo rẹ̀ sí, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Estonia bẹ̀rẹ̀ tiwọn lọ́dún 2020, àmọ́ owó oṣù tí wọ́n ń béèrè ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Barbados náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020 yẹn, oṣù méjìlá gbáko, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí èèyàn máa pa $50,000 lọ́dún, kó sì tún san $2,000 fún físà nìkan. Ó fa ìlà pupa sí i lórí. Pọ́túgà bẹ̀rẹ̀ ní October 2022. Ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè wọn ni wọ́n ń béèrè, ìyẹn €3,280 lóṣù kan lọ́dún 2024. Ìlà pupa.

Lẹ́yìn náà ni Bràsíl. Òfin tiwọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022: $1,500 lóṣù, tàbí $18,000 ní báńkì. Ọdún kan, wọ́n sì lè fi ọdún kan mìíràn kún un. Kò fa ìlà sí èyí. Ó yí i po.

Owó oṣù bọ̀dá mi jẹ́ $1,400. Ọgọ́rùn-ún dọ́là péré ló kù! Èmi rò pé ọgọ́rùn-ún dọ́là ò lè dí èèyàn lọ́nà. Kí a yá a lọ́wọ́ ẹnì kan, kó tán.

Ẹni náà sì wà. Bọ̀dá kan ládùúgbò wa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ló wá sílé wa lọ́jọ́ Sunday kan. Ó ní ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí owó oṣù. Òun á bá wa wá ẹni tó máa kó $18,000 sínú àkáǹtì dọ́là bọ̀dá mi, báńkì á tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ẹni náà á sì kó owó rẹ̀ padà. A máa san nǹkan díẹ̀ fún wọn. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ. Mọ́mì ní àwọn á yọ owó àjọ àwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà ibi tí Mọ́mì mi ti ń dín àkàrà kọjá láàárọ̀ mọ bí àkàrà ṣe máa pọ̀ tó kó tó di owó àjọ. Inú mi dùn gan-an. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Monday, ni mo dúró síwájú kíláàsì.

Lálẹ́ Monday yẹn gan-an ni bọ̀dá mi sọ pé òun ò ṣe.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣe é."

"Kí ló dé, Àkànní? Ṣé ìwọ nìkan lo máa ṣe é ni?"

"Kì í ṣe èmi nìkan, Mọ́mì. Àmọ́ tí owó bá ṣàdédé já wọ àkáǹtì, wọ́n á bi mí pé níbo ló ti wá. Irọ́ kan ni mo máa kọ́kọ́ pa, màá tún pa ìkejì láti fi gbè é lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá mú mi, orúkọ mi ti bà jẹ́ lọ́dọ̀ wọn nìyẹn. Wọ́n ní kí n fi hàn pé iṣẹ́ mi ń bọ́ mi. Wọn ò ní kí n fi hàn pé mo mọ olówó."

Mọ́mì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ìwọ lo mọ̀, Àkànní," wọ́n sì jáde lọ bó ẹ̀wà.

Inú bí mi ju Mọ́mì lọ. Mo rò pé ó ń ṣe bí ẹni mímọ́ lórí orí wa. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò bá a sọ̀rọ̀ àyàfi "ẹ káàárọ̀, sà". Níbí yìí ni mo wá fẹ́ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ Thursday kan nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ má ra epo. Owó rẹ̀ wà lápò mi. Mo wọlé, mo jẹun, mo sùn.

Níǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Mo jí, mo sì di ojú mi pa. Mo gbọ́ tó dìde, tó lọ mi kẹ́ẹ̀gì epo wò, tó tún rọra gbé e sílẹ̀. Kò pè mí. Ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ń fi bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìyẹn tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù dá àwọn oníbàárà náà lóhùn, pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì. Mo ń wo ìmọ́lẹ̀ fóònù náà lójú rẹ̀. Ìyẹn náà kú. Lójú mi ló ṣe jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, títí Mọ́mì fi dìde ní aago mẹ́rin láti lọ ẹ̀wà. Láàárọ̀, ohun kan ṣoṣo tó sọ fún mi ni, "Epo tán lálẹ́ àná o." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, mo gbàgbé."

Mi ò gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbé lẹ́tà kan wá bá mi. Ó fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi owó kún owó òun. Ó ní ṣebí ọmọ press club ni mí, kí n bá òun kà á sókè kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo kà á. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Ìkejì, ẹ̀bẹ̀ ni. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún wọn níbì kankan." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa gbogbo rẹ̀ ya. Èyí tó kọ lẹ́yìn náà kúrú. Ọdún méjì tó ti lò, iye lẹ́tà tó ń dáhùn lọ́sẹ̀ kan, iye owó tó ń fẹ́. Ó fi ránṣẹ́ kó tó sùn.

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ronú sí i. Láti March 2025, $1,600.

Ẹ má rò pé ó gbéra lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ kí ìwé báńkì òun fi owó tuntun yẹn hàn fún oṣù mẹ́ta, kó má di pé ìwé ilé iṣẹ́ ń sọ nǹkan kan, ìwé báńkì ń sọ òmíràn. March, April, May. Láàárín ìgbà náà ó lọ tẹ̀ka ní Alágbọn fún ìwé ọlọ́pàá tó máa fi hàn pé kò ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ó ra inṣọ́ránsì ìlera tó máa ṣiṣẹ́ ní Bràsíl. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àwọn gbà kó máa ṣiṣẹ́ láti ibikíbi, òun náà kọ ti ara rẹ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì ni òun fi ń ṣe é. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lé e lórí. Ní June ó kó o lọ. Ní July, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ padà wá pẹ̀lú físà nínú rẹ̀. Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú ìwé náà bí ẹni ń nu eruku.

Àwọn ará àdúgbò ló wá da orí wa rú. "Ta ló gbà á síṣẹ́ ní Bràsíl?" Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ ní Bràsíl. "Ó ṣe wá ń lọ?" Mọ́mì ṣàlàyé títí ó fi sú wọn. Nígbẹ̀yìn wọ́n kàn ń sọ pé ó rìnrìn àjò lọ kí àwọn Àgùdà.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í sì í ṣe àwàdà lásán. Ìlú Salvador ní Bahia ló yàn. Ẹ rántí ìgbà tí ilé ìwé kó wa lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n fi Water House tó wà ní Kákáwà hàn wá, ilé ìdílé Da Rocha. Bahia yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà ti padà wálé lẹ́yìn oko ẹrú, tí wọ́n kọ́ ilé sí Pópó Àgùdà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ Pereira àti da Silva nínú kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Bọ̀dá mi ní tí òun bá máa sá fún jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí òun sá lọ síbi tí wọ́n ti mọ Ṣàngó.

Ó gbéra ní August. Láti Èkó lọ sí Addis Ababa, láti ibẹ̀ sí São Paulo, lẹ́yìn náà Salvador. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa, torí náà aago kan ọ̀sán ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, ó sì ń parí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ń sùn lóru bí ọmọ èèyàn. Ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ wọn, torí àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fún àlejò láti ṣe ìyẹn. Ilé ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó sọ ọ́ fún mi, kò sọ ọ́ fún Mọ́mì. Ó ní òun lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta láìlanu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àyàfi àwọn oníbàárà Kánádà, nítorí èdè Pọtogí òun ò tíì ju ìkíni lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ó fi fídíò pè wá láti ẹ̀gbẹ́ títì. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, tó wé gèlè funfun, jókòó ti agbada epo pupa. Bọ̀dá mi yí fóònù síbẹ̀. Mọ́mì sún mọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Àkàrà nìyẹn!"

"Acarajé ni wọ́n ń pè é, Mọ́mì."

"Mo ní àkàrà ni. Kí ló dé tó fi là á ní méjì?"

"Wọ́n ń fi edé àti ọbẹ̀ sínú rẹ̀ ni."

"Nínú àkàrà?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Èló ló ń tà á?"

Bọ̀dá mi sọ iye rẹ̀, ó sì ṣí i sí náírà. Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n kàn tẹjú mọ́ obìnrin náà, obìnrin náà sì juwọ́ sí wọn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi mí bóyá edé gbígbẹ lè wọ inú àkàrà tí a ń tà ní Muṣin. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn tí ẹ bá ń kọjá láàárọ̀. Ní tèmi, tí wọ́n bá ti lẹ ìwé yìí mọ́ ògiri, màá yà á ní fọ́tò, màá fi ránṣẹ́ sí bọ̀dá mi, torí ọ̀rọ̀ epo ọjọ́ Thursday yẹn. Mi ò tíì mọ ohun tó máa sọ.