Orúkọ Ìwé àti Ìtàn Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ìwé, òun náà ti bí ọmọ, ó sì di dandan fún un láti sọ ọmọ náà ní orúkọ kí ó tó gbé e jáde fún aráyé. Kí ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò? Ṣé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ni, tàbí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, tàbí èrò tí ó fẹ́ kí ó kù sí ọkàn òǹkàwé nígbà tí ó bá pa ìwé náà dé?

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ mélòó kan ní Ìgèdè-Èkìtì, tí a máa ń pàdé láti jíròrò lórí ìwé tí a bá ti kà. Ìwé tí ó dá awuyewuye sílẹ̀ ni Rosewater, tí Tade Thompson kọ. Ọmọ Yorùbá ni òǹkọ̀wé yìí; ìlú London ni a bí i sí, ó dàgbà ní Nàìjíríà, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó sì di oníṣègùn àrùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 2016 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ó gba ẹ̀bùn Nommo ní ọdún 2017, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ọdún 2019. Ìtàn àròsọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, èyí ni pé òǹkọ̀wé mú ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mú wa fura sí, ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí ojú kò tíì rí. Ìwé àgbà ni pẹ̀lú. N kò ní fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó bí ṣe é bá ọmọdé sọ.

Orúkọ ìwé náà túmọ̀ sí omi olóòórùn dídùn tí a ń fi òdòdó róòsì ṣe. Olùkọ́ kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gbé ìwé náà sókè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tí ó sọ ìwé yìí ní orúkọ tàn wá jẹ. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí òdòdó kan ṣoṣo níbẹ̀.” Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí ó fi kan òǹkọ̀wé náà kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré. Ẹni tí ó bá pe ata ní iyọ̀ fún ẹni tí ń jẹun ti ṣe é ní ibi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí, kí ẹni tí kò bá tíì kà á dárí jì mí. Nínú ìwé yìí, ẹ̀dá ràbàtà kan láti òde ayé já lu ìlú London ní ọdún 2012. Ó rì sínú ilẹ̀, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, títí ó fi yọ orí ní Nàìjíríà ní ọdún 2055. Níbẹ̀ ni ó ti ta òrùlé bo ara rẹ̀, bí igbá ńlá tí a dojú rẹ̀ dé. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún ni igbá yìí máa ń ṣí, gbogbo aláìsàn tí ó bá sì wà nítòsí a rí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n àwọn òkú pẹ̀lú a máa dìde, láìsí ọkàn nínú wọn. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n pàgọ́ yí igbá náà ká, àgọ́ di ìlú. Ìlú yìí ni a ń pè ní Rosewater. Ọ̀gbẹ́ni tí ń sọ ìtàn fún wa ní ọdún 2066 ni Kaaro, orúkọ tí ó jọ ìkíni wa ní òwúrọ̀. Ìjọba ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ó lè wọ inú èrò ọkàn ẹlòmíràn, nítorí pé ẹ̀dá àjèjì náà ti fọ́n àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí sínú afẹ́fẹ́, wọ́n sì so ọkàn ènìyàn kan mọ́ ti èkejì.

Níbo wá ni òórùn dídùn ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Obìnrin kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju gbogbo wa lọ ni ó dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lóhùn. Ó ní, “Àbúrò, o kò rí òdòdó, ṣùgbọ́n ṣé o gbọ́ òórùn?” Ó sì rán wa létí pé nígbà tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí lè gbà lọ, gbogbo àyíká ń rùn. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ ní orúkọ omi olóòórùn dídùn. Òórùn burúkú náà lọ nígbà tí ó yá, orúkọ kò lọ mọ́.

Ohun tí ó sọ yìí mú mi rántí Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní ọdún 1921, tí ó sì ka irú orúkọ tí a ń sọ ọmọ sí mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì. Àwa sì mọ̀ pé ẹ̀kẹrin wà tí ẹgbẹ́ àti ará àdúgbò ń fi lé ènìyàn lórí, èyíinì ni ìnagijẹ. Mo rò pé a lè fi òṣùwọ̀n yìí wọn orúkọ ìwé.

Àwọn ìwé kan wà tí orúkọ wọn jẹ́ àmútọ̀runwá. Bí Táíwò ti mú orúkọ rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà mú tirẹ̀ wá. Nígbà tí D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ó sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ó sì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àríyànjiyàn lè wí pé ìrìn àjò sí Òkè Lángbòdó ni òpó ìdajì kejì ìwé náà, kí ló dé tí kò sí nínú orúkọ rẹ̀? Nígbà tí Wale Ogunyemi sì fi ìtàn náà ṣe eré tí a ṣe ní àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977, Langbodo ni ó pè é. Wole Soyinka ní tirẹ̀, nígbà tí ó túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, gbé igbó àti àwọn iwin inú rẹ̀ síwájú, ọdẹ sì bọ́ sí ẹ̀yìn. Orísun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pọn omi, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde, kò sì sí èyí tí ó purọ́. Ohun tí olúkúlùkù fẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ni ó fi hàn wá.

Àwọn mìíràn wà tí orúkọ wọn bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ wọ́n. Nígbà tí Mary Shelley gbé Frankenstein jáde ní ọdún 1818, orúkọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó dá ẹ̀dá abàmì náà ni ó fi sọ ìwé rẹ̀. Lónìí, bí o bá bi èrò ọ̀nà, ẹ̀dá abàmì náà gan-an ni yóò ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkàwé ti gba orúkọ lára baba, wọ́n sì gbé e wọ ọmọ.

Orúkọ Rosewater ní tirẹ̀ jẹ́ ìnagijẹ. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó ga bí ọ̀pẹ, tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kúkúrú. Àlejò tí ó bá gbọ́ orúkọ náà kí ó tó rí i yóò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí i kò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ìnagijẹ kì í sọ bí nǹkan ti rí. Ó ń sọ bí àwọn tí ń gbé pẹ̀lú nǹkan náà ti fara dà á. Àwọn aláìsàn àti òtòṣì tí wọ́n sùn sínú òórùn, tí wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rín, àwọn ni orúkọ ìwé yìí ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ìbá tó bí ó bá mọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dá àjèjì tí ó wà lábẹ́ igbá náà ní orúkọ tirẹ̀, Wormwood, òun sì ni a fi ń pe ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òǹkọ̀wé kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí ìràwọ̀ kan nínú Ìfihàn orí kẹjọ, tí ó já láti ọ̀run sórí odò àti orísun omi, tí omi fi di kíkorò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Orúkọ ìràwọ̀ náà ni èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá fi orúkọ méjèèjì síra: omi kíkorò wà ní ìsàlẹ̀, omi olóòórùn dídùn wà ní òkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ìtàn náà ti rí, nítorí pé ní òpin, a gbọ́ pé àlejò tí ń wo àrùn sàn yìí ni irú tirẹ̀ ń fi sẹ́ẹ̀lì àjèjì rọ́pò ti ọmọ ènìyàn ní díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé àwọn ènìyàn fura. Náómì inú Bíbélì, nígbà tí ọkọ àti ọmọ kú mọ́ ọn lójú, kọ̀ kí a máa fi orúkọ adùn pe òun, ó ní kí a máa pe òun ní Márà, nítorí ìkorò ayé rẹ̀. Àwọn ará Rosewater kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n di orúkọ dídùn mú, wọ́n sì ń gbé lórí ìkorò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ìwé lásán ni mo ń bá yín ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí orúnkún ń dà láàmú, gbọ́ nípa ibi ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ta kòkó rẹ̀, ó lọ, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ó padà pẹ̀lú ìgò epo mẹ́ta; owó ti tán, orúnkún sì wà bí ó ti wà. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ọmọ mi, orúkọ ibẹ̀ ni.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí kò lè yẹ orúkọ wò wà nínú ewu.

Olùkọ́ mìíràn bi wá pé, níwọ̀n bí London ti jẹ́ ibi tí ẹ̀dá náà kọ́kọ́ já sí, kí ló dé tí ìlú ilẹ̀ wa fi ni orúkọ ìwé? Èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún ará Ìgèdè. Àwọn àgbà wa gbà pé ìlú wa ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni ayé ń lọ láti rí i. Ibi tí agbára nǹkan bá ti hàn ni orúkọ rẹ̀ máa ń fìdí kalẹ̀ sí.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ń dùn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìnagijẹ náà. Mo mọ̀ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni, mo sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́. Síbẹ̀, nígbà tí mo ronú nípa àwọn tí wọ́n pàgọ́ sínú òórùn yẹn, etí mi ń retí irú ọ̀rọ̀ tí ìyá alákàrà yóò sọ bí ó ti ń di imú. Ìyẹn kò sọ orúkọ náà di èké, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, tí yóò sì sọ ọ́ ní orúkọ tí a lè fi rẹ́rìn-ín láìsí ògbufọ̀.

Nítorí náà, èsì mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni pé orúkọ ìwé yìí yẹ ìtàn rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́ dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí olùkọ́ bá ní kí ẹ kọ àròkọ, ẹ má ṣe yára kọ orúkọ sí òkè ìwé. Ẹ kọ ìtàn náà tán ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí a bá yí orúkọ yìí padà, ǹjẹ́ òǹkàwé yóò pàdánù ohun kan? Bí kò bá ní pàdánù nǹkan kan, ẹ wá òmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti máa bi orúkọ gbogbo tí wọ́n bá rí lára ògiri àti lẹ́bàá ọ̀nà pé, kí ni ó wà lábẹ́ rẹ?