Àwọn Ọmọ Takon Tó Wà Lókèèrè àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Àpérò Gbogbogbòò ilẹ̀ Benin, ìyẹn ìpàdé tí onírúurú ẹgbẹ́ ti jókòó láti tún ètò ìjọba tò ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, kì bá tí rí bó ṣe rí láìsí àwọn tó ti òkèèrè dé, nítorí Émile Derlin Zinsou, ààrẹ àná tó ń ta ko ìjọba Mathieu Kérékou láti Paris, wà níbẹ̀, Nicéphore Soglo tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé ni wọ́n sì yàn ṣe olórí ìjọba fìdíhẹ. Ó dunni gidigidi pé ipa ńlá yìí kò tíì di ẹ̀tọ́ tó péye. Ọmọ Takon, lágbègbè Sakété, tó ń gbé ní Paris lè dìbò yan ààrẹ, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ Benin nìkan ni gbogbo ẹkùn ìdìbò 24 tó ń yan aṣòfin 109 wà, bẹ́ẹ̀ àwọn aṣòfin ló yẹ kó bi ìjọba léèrè bó ṣe ń náwó ìlú. Ó yẹ kí òfin fún àwọn ọmọ Benin tó wà lókèèrè ní aṣojú, gẹ́gẹ́ bí Senegal ti ṣe láti ọdún 2017, nígbà tó ya ìjókòó 15 sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi.