Wákàtí 48

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, a rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni irinṣẹ́ wa. Ìyá kan ló kọ́ wa pé kíka wákàtí ni. Ó gbé abọ́ oúnjẹ ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní ọmọ náà jí alùpùpù. Ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, òní ló pé ọjọ́ márùn-ún. Kò tíì fojú kan adájọ́.”

Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọdún 1990, ní abala 18, sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ, àfi bí adájọ́ tí a mú un dé iwájú rẹ̀ bá pa á láṣẹ. Àfikún tí òfin bá fàyè gbà pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 8.

A kọ̀wé, a tọ adájọ́ lọ. Ó ní kí ọmọ náà máa ti ilé wá jẹ́jọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó ni alùpùpù wọlé tọ̀ wá: “Ṣé olè lẹ wá ń gbè lẹ́yìn?” Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, nítorí òun náà pàdánù. A ní a kò mọ̀ bóyá ọmọ náà jalè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Kò dáhùn. Títí di òní, kì í kí wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iṣẹ́ yìí wù, ẹ kọ́ bí a ti ń ka wákàtí. Ẹ sì kọ́ bí a ti ń kí ẹni tí kì í jẹ́ni.