Igba Fìlà

(Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Adó-Èkìtì. Táíwò ń ránṣọ. Kẹ́hìndé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, jókòó sórí àpò ńlá kan.)

TÁÍWÒ: Dìde lórí àpò yẹn. Owó mi ló wà níbẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Owó wo? Ó rọ̀ bí òwú.

TÁÍWÒ: Igba fìlà ni. Ẹnì kan tó fẹ́ lọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ní kí n rán an, ojú ẹ̀ rèé lára gbogbo wọn. Ó fìdí rẹmi níbi ìbò abẹ́lé, ó pa fóònù, ó ku èmi àti ojú ẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Ilé aṣòfin yẹn gan-an lèmi náà fẹ́ lọ.

TÁÍWÒ: (Ó dá ẹ̀rọ dúró.) Ìwọ ta ni?

KẸ́HÌNDÉ: Kí ló burú ńbẹ̀? Níbi tí mo ti ń bọ̀, ìbuwọ́lù ẹni mẹ́wàá àti 500 pọ́n-ùn ni èèyàn fi ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Tí ìbò rẹ bá sì ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọ́n á dá owó náà padà.

TÁÍWÒ: Wọ́n á dá owó padà! Kẹ́hìndé, má parọ́ fún mi nítorí pé o ti bá òyìnbó gbé.

KẸ́HÌNDÉ: O ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Lọ́dún 2015, ní Southampton, wọ́n pín sausage roll níbi àpèjẹ olùdíje kan. Irú Gala tí à ń rà nínú gosiló yìí. Ọlọ́pàá pè é kó wá ṣàlàyé.

TÁÍWÒ: Ṣé ó fi májèlé sí i ni?

KẸ́HÌNDÉ: Ẹ̀sùn náà ni pé ó fún oǹdìbò lóúnjẹ.

TÁÍWÒ: (Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.) Gala! Nítorí Gala! Ṣé wọ́n tì í mọ́lé?

KẸ́HÌNDÉ: Rárá, ọ̀rọ̀ náà ò dé kóòtù. Ṣùgbọ́n òfin wà: o ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ tàbí ọtí ra ojúure oǹdìbò. Èmi fúnra mi bá wọn kanlẹ̀kùn ní Peckham. Ìwé nìkan là ń fún onílé, bísíkíìtì kan ò sí nínú ẹ̀.

TÁÍWÒ: Ìwé lásán? O ò sí nílé lọ́dún 2018, nígbà tí "dìbò kó o sebẹ̀" gba gbogbo ẹnu ní Èkìtì. Ìyá kan wà níwájú mi lórí ìlà. Kó tó sọ ìwé ìbò ẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e sókè díẹ̀ kí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá gọ́tà lè rí i. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Nígbà tó padà kọjá, ẹja tútù wà lọ́wọ́ ẹ̀. N ò bá a wí. Ọmọ mẹ́rin ló ní.

KẸ́HÌNDÉ: Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti fọ́ọ̀mù ná. Eélòó ni?

TÁÍWÒ: Lọ́dún 2022, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ta ti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ti sẹ́nétọ̀, 20 mílíọ̀nù. Ti gómìnà, 50. Ti ààrẹ, 100. PDP ta ti ààrẹ tiwọn ní 40. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà yẹn, 30,000 ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò ẹ̀ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ yìí: ẹni tó ń gba 30,000, tí kò jẹun, tí kò wọkọ̀, yóò tu ú jọ fún ohun tó lé ní ọdún 277 kó tó lè ra fọ́ọ̀mù ààrẹ APC.

KẸ́HÌNDÉ: Tí èèyàn ò bá wọlé, ṣé wọ́n á dá a...

TÁÍWÒ: Jẹ́ kí n máa ránṣọ mi.

KẸ́HÌNDÉ: Ṣebí wọ́n ṣòfin fáwọn ọ̀dọ́ lọ́dún 2018.

TÁÍWÒ: Ọjọ́ orí olùdíje ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n gé sí 25, wọn ò gé owó. Ọmọ ọdún 25 wo ló ní mílíọ̀nù méjì nílẹ̀, àfi ọmọ ẹni tó ti jókòó níbẹ̀ rí? Òfin ìbò 2022 ní kí olùdíje ilé ìpínlẹ̀ má ná ju 30 mílíọ̀nù lọ. Ta ló kà á? Ẹni tó bá ta ilẹ̀ bàbá ẹ̀ kó tó wọlé, ilẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rà padà. Wo kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti wá wọ̀n ọ́n.

KẸ́HÌNDÉ: Olówó ń kówó fún ẹgbẹ́ lọ́hùn-ún náà o. Ṣùgbọ́n wọn kì í ta àyè ìpolongo ìbò lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ń bá olùdíje kọ̀ọ̀kan pín ìwé lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ilẹ̀ wa tó wà ní Ìyìn ńkọ́?

TÁÍWÒ: Hẹn-ẹn! Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lò ń lọ.

KẸ́HÌNDÉ: Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rán ọ wá tọ́ ayé wò.

TÁÍWÒ: Mo sì ti bá ọ tọ́ eléyìí wò: má ra fọ́ọ̀mù náà. Ìdajì tìrẹ nínú ilẹ̀ yẹn ò lè ra ìrẹsì wọ́ọ̀dù kan. Ìdajì tèmi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lórí ẹ̀.

KẸ́HÌNDÉ: Tí mo bá ṣáà rówó níbòmíì, ìwọ lo máa rán fìlà mi.

TÁÍWÒ: Màá rán an. Ṣùgbọ́n gbogbo owó ẹ̀ ni wàá san sílẹ̀ kí n tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ.