Onești, ìlú kékeré tí Nadia ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́

Ẹni tó bá kúrò ní Bacău, lórílẹ̀-èdè Ròmáníà, tó kọrí sí àwọn òkè Carpathian, yóò kan ìlú kan lẹ́bàá odò Trotuș. Onești lorúkọ ẹ̀. Ẹ má retí ààfin ńlá níbẹ̀ o. Ilé alájà tí ìjọba Kọ́múníìsì kọ́ fáwọn òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù, torí epo rọ̀bì ni wọ́n ń fọ̀ ládùúgbò Borzești. Wọ́n tiẹ̀ gba orúkọ mọ́ ìlú náà lọ́wọ́ ní 1965, wọ́n fi orúkọ olórí ìjọba wọn tó kú, Gheorghe Gheorghiu-Dej, pè é. Ìgbà tí ìjọba ọ̀hún dojú dé ló tó padà di Onești.

Àmọ́ kì í ṣe epo ló sọ ọ́ di olókìkí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ni, Nadia Comăneci, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1961. Ní July 18, 1976, ní ìdíje Òlíńpíìkì tó wáyé ní Montreal, wọ́n fún un ní máàkì 10 géérégé nínú jìmínásíìkì. Pátákó tó ń gbé máàkì jáde ò mọ ìyẹn kọ, 1.00 ló gbé jáde! Ìgbà méje ló gba 10 yẹn kó tó kúrò níbẹ̀.

Ta ló wá kọ́ ọ? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Béla Károlyi ní òun rí ọmọbìnrin kékeré méjì tí wọ́n ń fọwọ́ tilẹ̀ yí gbirigbiri bíi táyà nínú ọgbà iléèwé, agogo lù, wọ́n sá wọlé, lòun bá ń wá wọn láti kíláàsì dé kíláàsì. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n láti jẹ́lé-ó-sinmi ni Nadia ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Flacăra, lọ́dọ̀ Duncan àti Munteanu. Èèyàn mélòó ló ń dárúkọ àwọn yẹn lónìí?

Bẹ́ẹ̀, tíṣà ìbẹ̀rẹ̀ ló níṣẹ́. Igi tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ yẹn, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, gíga ẹ̀ sì jẹ́ 125. Kò sí tíṣà gidi tó máa gbé ọmọ ọdún mẹ́fà síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìlà ṣọ́ọ̀kì lórí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́mọ na ọwọ́ méjèèjì, kó tẹjú mọ́ ohun kan níwájú, torí bójú bá ń rìn kiri, ara á máa mì. Kó wá dúró lẹ́sẹ̀ kan bíi lékèélékèé, kí tíṣà ka ení, èjì, títí dé àrùn-ún. Lẹ́yìn náà, kó fi àtẹ́lẹwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ tilẹ̀, kí ẹ̀yìn ẹ̀ gún bíi pákó, kí ìdí má ròkè, kí ikùn má sì sọ̀. Ọmọ tí ikùn àti èjìká ẹ̀ ò tíì lágbára, tí wọ́n ní kó máa dorí kodò, ọrùn ló máa fi sọlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tójú àwọn ọmọ Károlyi rí kì í ṣe eré. Nígbà tí Nadia ṣe ipò 13 nínú ìdíje kan ní kékeré, ọmọlángidi ni Károlyi rà fún un, kó má baà gbàgbé pé òun ò gbọdọ̀ ṣe ipò yẹn mọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Ní 2021, Stejărel Olaru gbé ìwé kan jáde látinú fáìlì àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ròmáníà. Ebi, lílù àti èébú ni wọ́n kọ sínú fáìlì ọ̀hún pé àwọn ọmọ náà ń jẹ lọ́wọ́ Károlyi. Ọkùnrin náà kú ní 2024.

Nadia ní tiẹ̀ ti sá kúrò nílùú tipẹ́. Ní November 1989, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ìjọba Ceaușescu tó wó, ẹsẹ̀ ló fi rìn lóru nínú òtútù, tó fi sọdá sí Họ́ńgárì.