Àárẹ̀ Ọkàn Ẹni tí Ń Tọ́ Ọmọ Olóríkunkun

Bí àárẹ̀ bá mú ara, oorun òru kan a máa mú un kúrò. Ṣùgbọ́n bí àárẹ̀ bá mú ọkàn, ẹni náà a sùn, a sì bá a jí. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo sọ èyí nítorí pé ó ti bá mi rí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan, èmi ni a fi ṣe alábòójútó àwọn ọmọ tí apá olùkọ́ wọn kò ká. Èyí tí ó bú olùkọ́, èyí tí ó lu ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń bọ̀. Ní ọdún kìíní, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ń bi ọmọ léèrè ohun tí ó ṣe é kí n tó bá a wí. Nígbà tí ó di ọdún kẹta, bí mo bá gbọ́ agogo òwúrọ̀, àyà mi a já. Ní ọjọ́ kan a mú ọmọkùnrin kan wá, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, mo sì wí pé, “Ẹrù yìí tún dé.” Ọmọ náà wolẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò rántí orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti yẹ àárẹ̀ yìí wò. Ní 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí àmì rẹ̀ mẹ́ta: agbára ọkàn a tán, òṣìṣẹ́ a máa wo àwọn tí ó ń tọ́jú bí ẹni pé wọn kì í ṣe ènìyàn, a sì máa rò pé iṣẹ́ òun kò so èso. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ohun tí iṣẹ́ ń fà, wọn kò kà á sí àrùn. Nígbà tí mo pe ọmọ ní ẹrù, àmì kejì ti hàn lára mi.

Màmá kan tí ó jẹ́ àgbà olùkọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Kò bá mi wí. Ó ní, “Tíṣà, ọ̀dọ̀ yín ni àwọn ọmọ ń bọ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ̀yin ń lọ?” N kò rí èsì fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a pín iṣẹ́ náà: òun gba ọjọ́ méjì, èmi gba mẹ́ta; ní ọjọ́ Ẹtì, a ó jókòó sọ ohun tí ó wúwo lọ́kàn wa. Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ilẹ̀ a ti ṣú kí ọmọ náà tó kúrò lọ́jà, níbi tí ó ń bá ìyá rẹ̀ àgbà tajà, àti pé ebi ni ó ń gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́. A wá ẹ̀kọ àti àkàrà fún un ní òwúrọ̀. Ìwà rẹ̀ kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ó tún jà lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù náà. Ṣùgbọ́n ní òpin sáà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an wá. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹjọ́ kọ́ ni mo bá wá.” Orúkọ rẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn.

Owó oṣù mi kò fi kọ́bọ̀ kan lé, síbẹ̀ ìdùnnú iṣẹ́ náà padà wá. Ẹ̀yin olórí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe kó gbogbo ọmọ olóríkunkun lé ẹnì kan lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ẹ máa kí olùkọ́ yín kú iṣẹ́: ẹ kò mọ ọjọ́ tí ìkíni yín yóò gbé e ró.