Ìran Tí Tọkọtaya Yóò Wò ní Alẹ́

Ẹni tí ó bá dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù tí ó ní òun kò rí ìran wò ní alẹ́, ojú olúwarẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ìlú náà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rọ́ lọ sílé nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni ọ̀wọ́ èrò mìíràn ń rọ́ wọ àárín ìlú láti wá fi owó ra ẹ̀rín àti ẹkún. Eléré ń bẹ níbẹ̀, olórin ń bẹ, oníjó ń bẹ. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé olùgbafẹ́ lọ gbé e bọ̀ lórí odò Thames. Ẹni tí kò sì ní kọ́bọ̀ lápò lè máa rìn ní bèbè odò náà, kí ó máa wo iná bí ó ti ń tàn lójú omi. Ọ̀pọ̀ yìí gan-an ni ó ń da àlejò láàmú. Ẹni tí wọ́n bá gbé oúnjẹ kan ṣoṣo ka iwájú rẹ̀, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́; ẹni tí wọ́n bá gbé ogún ka iwájú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi ikùn ara rẹ̀ léèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rí fún tọkọtaya kan tí wọ́n ti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí ìlú náà ní ìgbà ooru ọdún 2023. Ọmọ wọn obìnrin, èyí Kẹ́hìndé nínú ìbejì wọn, ni ó bímọ. Ìyá Ìbejì wá wẹ ọmọ; Bàbá Ìbejì sì tẹ̀ lé e, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti wí, ọkùnrin tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ti ń se ìkọ́kọrẹ́. Olùkọ́ ni bàbá yìí. Ọdún 33 ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Aṣọ ni ìyá ń tà ní tirẹ̀, òun náà sì kàwé dé ìwọ̀n.

Nígbà tí ọmọ tuntun pé ogójì ọjọ́, Kẹ́hìndé ṣírò, ó rí i pé ìgbéyàwó àwọn òbí òun pé ọdún 45 ní ọdún náà. Ó pe àwọn méjèèjì jókòó.

"Alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jáde," ni ó wí. "Ẹ ò ní í gbé ọmọ dání, ẹ ò sì ní í mú mi lọ. Ẹ sọ ohun tí ẹ bá fẹ́ wò, èmi ni n ó san owó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dáhùn. Ìgbà tí àwọn méjèèjì ti dá jáde lọ wo ìran kẹ́yìn, wọn kò tíì fẹ́ra. Ìbàdàn ni, eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ ni. Eré yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ sì gba tirẹ̀. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, iná sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo owó tí ó wà lápò olùkọ́ kékeré ni ó fi san owó ìwọlé ènìyàn méjì, ẹsẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì fi rìn padà. Láti ìgbà náà, ọmọ dé, owó ilé-ẹ̀kọ́ dé, àjọ dé, ìran wíwò sì di ti inú tẹlifíṣọ̀n.

Kẹ́hìndé kọ́kọ́ mú The Lion King wá, eré kìnnìún tí wọ́n ti ń ṣe ní gbọ̀ngàn Lyceum láti 1999. Bàbá ní àlọ́ ọmọdé ni. (Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ tán kó má ronú, orí ẹranko tí àwọn eléré náà gbé lé orí, tí ojú tiwọn sì hàn kedere nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé.) Ọkọ Kẹ́hìndé mú ti Royal Albert Hall wá, gbọ̀ngàn róbótó ńlá tí wọ́n ṣí ní 1871. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àwọn eré orin ìgbà ooru tí wọ́n ń pè ní Proms, èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn mìíràn láti 1895, tí ẹni tí ó bá lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè fi owó kékeré wọlé. Bàbá ní kí ni òun fẹ́ fi orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú ṣe.

Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ rí àwòrán kan lára ògiri ibùdókọ̀. The Mousetrap ni, Tàkúté Eku, eré tí Agatha Christie kọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1952 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà àwọn méjèèjì. Ó kó lọ sí gbọ̀ngàn St Martin's ní 1974. Kò sí ohun tí ó dá a dúró títí àrùn Kòrónà fi ti gbogbo ilé eré pa ní oṣù kẹta ọdún 2020. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pa ènìyàn kan, òjò dídì há àwọn àlejò mọ́ inú ilé kan, ọ̀kan nínú wọn sì ni apànìyàn. Bí eré bá parí, wọn a bẹ àwọn òǹwòran pé kí wọ́n má ṣe sọ fún ará ìta ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ibi náà. Inú ìyá dùn sí èyí. Obìnrin tí ó ti fi ogójì ọdún mọ oníbàárà tí yóò san gbèsè yàtọ̀ sí èyí tí yóò sá lọ, ó gbà pé òun yóò mọ apànìyàn kí ọlọ́pàá tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bìtì tí wọ́n ti dẹ láti 1952 tí kò tíì pa eku, ṣé kò yẹ kí ó ti fi ẹ̀yìn fún ẹlẹ́yìn?"

Globe ni òun fẹ́, ilé eré Shakespeare tí ó wà ní bèbè odò. Èyí tí ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, tí wọ́n ṣí ní 1997, ni wọ́n kọ́ ní àwòrán ti àtijọ́ tí ó jóná ní 1613, nígbà tí wọ́n yin ìbọn ńlá nínú eré tí iná sì ràn mọ́ koríko orí òrùlé. Macbeth wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ní ìgbà ooru náà. Àmọ́ agbo tí àwọn ènìyàn bí 700 ti ń wòran níwájú ìtàgé kò ní òrùlé, ìnàró ni wọ́n ń wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òjò ì báà rọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí agboòrùn. Àga tí ó wà lábẹ́ òrùlé náà, pákó lásán ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní ibi ìfẹ̀yìntì. Eegun orúnkún Ìyá Ìbejì sì ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́.

"Bàbá, orúnkún Màmá ńkọ́?" ni Kẹ́hìndé béèrè.

Bàbá kò dáhùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Macbeth. Inú ọmọ náà ru díẹ̀. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé ọdún 45 náà rèé, tara rẹ̀ nìkan ni bàbá òun mọ̀.

Inú ìyá kò ru. Ó ti pé bí ọdún méjì tí ó ti ń kíyè sí ohun tí ẹlòmíràn kò kíyè sí. Rédíò tí ó máa ń wà lórí tábìlì ti sún mọ́ ìrọ̀rí. Ọkùnrin tí ó máa ń jókòó lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì ti di ará ìlà iwájú. Bí ènìyàn bá bi í ní ohun kan, a dáhùn ohun mìíràn, a sì sọ ọ́ di àwàdà. Ní ọjọ́ ìkómọ, nígbà tí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Ó ní láti kọ́kọ́ wo ojú àwọn yòókù. Olùkọ́ tí ó fi ọdún 33 sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe la ẹnu rẹ̀ wí pé etí òun ti ń wúwo?

Ní òru ọjọ́ náà, bí ó ti ń gbé ọmọ jó, ọ̀rọ̀ Globe yé e. Macbeth wà lórí ahọ́n Bàbá Ìbejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí kò tilẹ̀ sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ inú etí rẹ̀ níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò máa sáré ṣáájú àwọn eléré, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Eré tí kò kà rí ni ó ń sá fún. Bí ó bá wo Tàkúté Eku tán tí ọmọ rẹ̀ bi í pé ta ni ẹ fura sí, kí ni yóò wí?

Yorùbá kì í dédé pe àgbàlagbà ní adití. Ìyá kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá a nínú ilé ìdáná, ó ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ti yá jù fún òun. Ṣé kò sí ọgbọ́n tí wọ́n ń dá fún irú àwọn òun? Irọ́ ni. Kò sí fíìmù Gẹ̀ẹ́sì tí obìnrin yìí ń wò tí kì í sọ ìparí rẹ̀ kí ó tó dé ìdajì. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé gbà á gbọ́. Ó ní ọgbọ́n wà. Ọ̀pọ̀ ilé eré ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀, tí wọ́n ń gbé pátákó oníná sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, tí ọ̀rọ̀ tí eléré ń sọ yóò sì máa hàn níbẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́. Ní National Theatre, láti 2018, wọ́n tilẹ̀ ń yá òǹwòran ní awò ojú tí ọ̀rọ̀ ń hàn nínú rẹ̀. (Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe Death and the King's Horseman ti Wọlé Ṣóyínká ní 2009, ì bá jẹ́ pé irú rẹ̀ wà nílẹ̀ ni, ìbá ti tán.) Kẹ́hìndé wo fóònù rẹ̀, ó rí alẹ́ ọjọ́ kan tí Tàkúté Eku yóò ní pátákó. Ó pe ilé eré náà, ó bẹ̀ wọ́n fún ìjókòó méjì tí yóò kọjú sí pátákó gan-an, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì ní í pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó pọ́n jù láìbéèrè lè rí i pé òpó ni òun sanwó láti wò.

Ìyá ni ó lọ sọ fún un.

"Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé Macbeth ni ẹ fẹ́. Orúnkún yìí kò lè gbé mi débẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì yá jù fún mi. Wọ́n ní níbi eléyìí, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà síta fún irú wa. Ẹ bá mi lọ."

Bàbá wò ó pẹ́. "Bí ó bá jẹ́ nítorí tìrẹ ni," ni ó wí níkẹyìn, "kò burú."

Aago méje ààbọ̀ ni eré yóò bẹ̀rẹ̀. Aago méje ààbọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti òde ìnáwó. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, ìta ni yóò dúró sí títí wọn yóò fi rí àyè mú un wọlé. Láti aago mẹ́rin ni bàbá ti wọ agbádá. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi, ìjókòó rẹ̀ kò ju bí 550 lọ, pákó dúdú àtijọ́ ni wọ́n sì fi ṣe ara ògiri rẹ̀. Iná kú. Ohùn rédíò jáde láti orí ìtàgé, ó ń ròyìn ìpànìyàn. Rédíò! Ohun tí etí bàbá kì í gbọ́ mọ́ jù lọ nìyẹn. Ìyá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ọkùnrin náà kọjú síwájú gan-an, ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé pátákó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, orí rẹ̀ rọra yí díẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò inú eré sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣáájú ẹnu eléré hàn lórí pátákó, bàbá sì bú sẹ́rìn-ín kí gbogbo gbọ̀ngàn tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ará iwájú bojú wẹ̀yìn. Ìyá Ìbejì wá nǹkan kan nínú àpò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sì rí i.

Nígbà ìsinmi, bàbá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti mọ apànìyàn. Ó ka ẹ̀rí mẹ́ta sílẹ̀ bí ẹni ń fún ìwé ìdánwò ní máàkì. Ìyá ní ó pọ́n ọn lé ni, ẹlòmíràn ni. Wọ́n jiyàn títí agogo fi lù, wọn kò tilẹ̀ rántí ra omi mu. Ta ni ó jàre nínú wọn? Wọ́n ti bẹ gbogbo ẹni tí ó wo eré náà pé kí wọ́n má wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ tútù díẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà ibùdókọ̀ Leicester Square láàárín èrò tí ń jáde láti inú àwọn ilé eré mìíràn, ariwo wọn sì gba gbogbo òpópónà. Ìyá sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́. Bàbá ti fẹ́ mi orí gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ó dúró. Ó tẹrí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ni ó wí. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, pé orúnkún ń dun òun, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jókòó díẹ̀. Bàbá fà á lọ́wọ́ lọ sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì jókòó.